Dàda Ni Mo Jẹ́, Dáadáa Ni Wọ́n Kọ

Bí ẹ bá ti ń gbọ́ orin tí wọ́n ń ṣe lágbègbè wa yìí, láti ìgbà tí àwo dúdú ṣì wà lóde títí di ìgbà tí gbogbo ayé ń fi fóònù gbọ́ orin, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi, ẹ kàn lè má mọ̀ pé èmi ni. Èmi kọ́ ni mo ń kọrin. Fọ́tò mi ò sí lára páálí. Èmi ni gìtá tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ orin. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ẹ ò ní mọ ohun tó dín, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ pé nǹkan dín. Irú wa ni wọ́n ń pè ní sẹ́ṣàn. Olórin ló ni orin, pírodúsà ló ń darí bí wọ́n ṣe máa gbà á sílẹ̀, wọ́n á wá ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ nǹkan ta. Tó bá ti ta á tán, ó dilé.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Mowe máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ gidi ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ yòówù kí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè irú èèyàn tí yóò máa pàṣẹ fún wọn níbẹ̀. Ní tèmi, àwọn pírodúsà ni. Mo ti rí wọn, gígùn àti kúkúrú. Ti owó, mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀: a jẹun, a tọ́mọ, a sì ní òrùlé lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti orúkọ.

Ifo ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè. Irun lílọ́ ni mo gbé wáyé, wọ́n sì pè mí ní Dàda. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní tèmi, orí ni wọ́n wò. Bàbá mi ń ṣòwò obì. Ó ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi ewé bò ó, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí Òkè Ọya nínú ọkọ̀ ojú irin. Bàbá Olóbì ni gbogbo Ifo mọ̀ ọ́n sí. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni, àwọn ààfáà sì fún mi ní Rásákì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fi pè mí rí. Tó bá kígbe "Dàda" láti ìsọ̀ rẹ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin á yọjú.

Nígbà tí mo sọ fún un pé gìtá ni mo fẹ́ kọ́, kò bínú. Ó kàn bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é? Ẹni tó bá jẹ obì mi mọ̀ pé obì Bàbá Olóbì lòun jẹ. Káfíńtà kan àga, wọ́n á ní àga Lágbájá nìyí. Ìwọ tó o fẹ́ máa ta gìtá fún olórin, ta ló máa mọ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Wọ́n á dárúkọ mi nínú àwo, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ orúkọ ẹ lẹ́nu ẹ̀rọ, ọjọ́ yẹn ni mo máa gbà pé o ríṣẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, eré lò ń ṣe."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọdún kan sí méjì ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀. Rédíò ló ń tún ṣe nínú ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó sì ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin tó bá pè é. Ó tín-ín-rín bí ọ̀pá ìbọn, ó sì le ju irin lọ. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan gìtá. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé fún mi ni pé kí n jókòó síwájú ìsọ̀, kí n máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn tó ń kọjá ń sọ, kí n sì máa fi dò, re, mí kọ ọ́ lórin láìfi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ iléèwé mọ̀ ọ́n: ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, ti òkè ni mí. Tí oníbúrẹ́dì bá polówó, màá kùn ún. Tí tọkọtaya bá ń jà, màá kùn ún. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó tó ń jà náà yíjú sí mi, ó ní kí ni mo ń sín òun jẹ sí.

Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ máa ń sọ pé, "Yorùbá kì í sọ̀rọ̀, orin ló ń kọ. Gìtá tó bá parọ́ mọ́ ọ̀rọ̀, igi ìdáná ni."

Nígbà tó yá, kò fẹnu rán mi níṣẹ́ mọ́, gìtá ló fi ń rán mi. Tó bá ta á, mo ní láti mọ ohun tó wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń tú rédíò palẹ̀, ó gbé gìtá sẹ́sẹ̀, ó ta ọ̀rọ̀ kan. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, mo ní ọ̀gá ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ fún òun. Mo gbé àwo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jáde, ó gbóná fẹlifẹli. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ wo àwo náà, ó wo wáyà tó dì mú.

"Dàda, ṣé ẹ̀gúsí ni kí n fi gé wáyà?"

Ọbẹ ló wí. Ọbẹ, re-re. Ọbẹ̀, re-dò. Ohùn gìtá kan péré ni mo ṣì gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi jẹ ẹ́, mi ò lè dà á padà." Ọ̀gá jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó lá ọwọ́, ó sì ní kí n lọ pọnmi kún gbogbo àgbá ilé. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Títí dòní, tẹ́nì kan bá ní kí n bá òun mú ọbẹ, èjìká máa ń dùn mí.

Pírodúsà àkọ́kọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́, Ẹ-tún-un-ṣe la sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn Akute, lójú ọ̀nà Èkó, ni yàrá rẹ̀ wà. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó máa ń wọ awò dúdú nínú yàrá tí oòrùn ò dé. Láyé ìgbà yẹn, gbogbo wa la jọ máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí téèpù ńlá á máa yí. Bí ẹnì kan bá húkọ́, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. A ó kọ orin tán, òógùn á bò wá, a ó wojú rẹ̀. Kò ní mi orí, kò ní rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gìtá ni ò dáa ni, àbí ohùn?"

Ó ní, "Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní sọ fún yín ni?"

Ìgbà kan tún wà tá a kọ ọ́ tó dùn débi pé àwa fúnra wa bú sẹ́rìn-ín nígbà tá a parí. Ẹ-tún-un-ṣe yọ awò rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Èyí gan-an nìyẹn! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti gbé e débẹ̀." Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, "Ẹ tún un ṣe, mi ò tíì tan ẹ̀rọ."

Inú àwo tá a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ mi. Olórin tó ni ín, ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi, kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan níparí orin. Ó pè mí ní "Dàda ọmọ Olóbì n'Ifo", dò-re, bó ṣe tọ́ gẹ́lẹ́. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Mo sáré wá sọ fún Bàbá. Lọ́jọ́ tí àwo náà jáde, Bàbá dé fìlà ọjọ́ Jímọ̀, ó kó àwọn olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé télọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, ó sì pín obì fún gbogbo èèyàn. Wọ́n gbọ́ ojú kìíní. Mo ní ó kù díẹ̀. Orin ń lọ, ó ń lọ, a dé ibi tí wọ́n ti ń kí àwọn èèyàn, wọ́n kí ẹni àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ sì dé ìparí, ó ń ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Orin ti gùn ju àwo lọ, Ẹ-tún-un-ṣe sì ti gé ìdí rẹ̀ sọnù. Bàbá Súlè, tí òun àti Bàbá jọ ń ṣòwò, mú àwo náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Àbí ẹ̀yìn ló wà?"

Wọ́n gbọ́ ẹ̀yìn náà. Kò sí níbẹ̀.

Bàbá ò pariwo. Ó dìde, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú àdúrótì," ó sì padà sídìí apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi. Ojú tì mí tí mi ò lè gba iwájú ìsọ̀ àwọn olóbì kọjá fún ìgbà pípẹ́, ó sì dùn mí fún òun ju bó ṣe dùn mí fún ara mi lọ, nítorí òun ló pín obì.

Mo lọ bá Ẹ-tún-un-ṣe. Mo ní, "Sà, ẹ gé orúkọ mi."

Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?"

Nígbà tí káàsẹ́ẹ̀tì gbòde, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Àwọn èèyàn ń kó kúrò l'Ékòó bọ̀ wá sí Ibafo àti Mowe, nítorí ilẹ̀ ṣì rọrùn, àwọn pírodúsà náà sì bá wọn kó wá. Ẹni tó bá ní yàrá kan, tó lẹ páálí ẹyin mọ́ ara ògiri kí ariwo má bàa wọlé, ó ti di pírodúsà nìyẹn. Èmi náà wá gba ilé sí Mowe. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin kan tá à ń pè ní Mọ́mì Kọ́ọ̀sì, tó ń gbé orin ìyìn jáde fún àwọn akọrin ìjọ. Aláàánú ni. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan èlò láìjẹ́ pé ó ti jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà yó. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé ojú ló fi ń gbọ́ orin. Ìbàdí wa ló máa ń wò. Bí ìbàdí ẹnikẹ́ni bá mì, ó ti dá ẹ̀rọ dúró, á ní ijó ayé nìyẹn.

"Bùrọ́dà, gìtá yín ń jó."

"Mà, gìtá ò lẹ́sẹ̀."

"Ó ń jó. Mo rí i."

Bá a ṣe kọ́ láti máa jókòó bí ère nìyẹn, tó jẹ́ pé ìka nìkan ló ń mì. Lọ́jọ́ tí a parí, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo wò ó. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀mí ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ orúkọ mi sára páálí káàsẹ́ẹ̀tì, ó sì gbà tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó jáde, mo rí i níbẹ̀ gàdàgbà: Gìtá, Bùrọ́dà Dáfídì.

"Mà, ta ni Dáfídì?"

"Ẹ̀yin ni. Dàda ò bá orin ìyìn mu, mo bá wá èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹ má bínú, Dáfídì náà kúkú ta háàpù."

Àbúrò mi obìnrin, Ràbí, tó ń bá Bàbá gbé n'Ifo, ló ka páálí náà fún un. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ bá mi kí Dáfídì." Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá ti wọlé báyìí, "Dáfídì dé" ló máa ń sọ. Àwa méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀rín náà. Kò gbàgbé ohun tó sọ, èmi náà ò gbàgbé.

Ọdún ń gorí ọdún. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ fi ayé sílẹ̀. Bàbá ò lọ sí ìsọ̀ mọ́. Ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí. Mo máa ń rò ó pé ọjọ́ tí wọ́n bá wá dárúkọ mi, etí tó yẹ kó gbọ́ ọ lè ti dì.

Àsìkò yẹn ni mo bá Sámí pàdé n'Ibafo. Nínú gbogbo pírodúsà tí mo bá ṣe, òun ló lágídí jù, òun náà sì ni orin rẹ̀ tà jù. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni yàrá rẹ̀ wà. Ilé tuntun ń hù bí olú láti Magboro títí dé Mowe nígbà náà, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ò sì sinmi. Páálí ẹyin ò lè dá a dúró. Àfi ìgbà tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù bá ń jẹun ọ̀sán nìkan la lè gba orin sílẹ̀. Sámí á lọ yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Wọ́n ti ń tẹ ẹ̀bà. Ẹ múra."

Tí Sámí bá ti fún ọ̀rọ̀ kan ní tíúnù, kò séèyàn tó lè yí i padà. Ibi tí tíúnù bá fẹ́ gbà ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ. Ọmọge kan wá kọrin níbẹ̀ rí, ó ń tọrọ ọkọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Sámí rẹ ìdí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọkọ di ọkọ̀, ọmọge wá ń fi omijé tọrọ mọ́tò. Mo pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, ó ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń wí. Nígbà tí mo tún máa rí ọmọge náà, ó ti ń wa mọ́tò. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Alhaja Ṣẹ̀fíyà, tó ń ta aṣọ l'Akute tó sì ń kọ orin ẹ̀sìn Mùsùlùmí, ló pè mí sí iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ Sámí. Mo ti ta gìtá sí orin Alhaja tẹ́lẹ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dàda, nínú èyí, màá dárúkọ yín. Bàbá ò ní kú láìgbọ́ ọ, ìn ṣá Allah." Ó ti ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: "Dàda ló ta gìtá, ẹ bá mi kí i." Inú mi dùn. Sámí wá fún un ní tíúnù. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè téńté, ó gbé àkọ́kọ́ lọ sókè, ó fà á, ó tún gbé ìkejì lọ sókè, ó fà á. Àwọn elégbè gbà á, gbogbo yàrá sì kún fún un: "Dáadáa ló ta gìtá, ẹ bá mi kí i."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Mo ní, "Sámí, orúkọ mi kọ́ nìyẹn. Dò-re ni mí. O ti sọ mí di dáadáa."

"Ṣé dáadáa ò dáa ni?"

"Kì í ṣe orúkọ."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀rí. Tíúnù yìí swít. Tí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ti kú nìyẹn, kò séèyàn tó máa kọ ọ́."

Alhaja gbìyànjú, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọ ọ́ ní dò-re. Kí n sòótọ́, ó kú lóòótọ́. Àwọn elégbè ò ríbi bá a gbà, orin náà jókòó sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Mo ní kí wọ́n kúkú yọ orúkọ náà kúrò. Inú ń bí mi. Mo ti ń wá àpò gìtá.

Alhaja dúró síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Orúkọ tí wọ́n ṣì pè ṣì sàn ju èyí tí wọn ò pè rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é, àwọn èèyàn yẹn á parí ẹ̀bà wọn láìpẹ́."

Mo jókòó. Sámí tan ẹ̀rọ. Alhaja gbé orin, a dé ibẹ̀, àwọn elégbè gbà á: "Dáadáa ló ta gìtá, ẹ bá mi kí i." Àyè kékeré kan wà lẹ́yìn ìyẹn, Sámí sì ti kìlọ̀ pé kí gbogbo nǹkan èlò dákẹ́ níbẹ̀, kí àwọn elégbè lè mí. Mi ò gbèrò ohun tí mo ṣe. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti fi gìtá béèrè ọbẹ, ìka rẹ̀ kì í gbọ́ irọ́ kó dákẹ́. Ìka mi kàn lọ síbẹ̀, ó ta á jẹ́jẹ́: dò-re, dò-re. Dàda, Dàda. Wọ́n tún kọ ọ́, mo tún dáhùn. Sámí ń wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró nítorí ẹ̀bà ti ń tán. Bí orin náà ṣe parí báyìí, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù bú ramúramù.

"Kí lẹ ta síbẹ̀ yẹn?"

"Orúkọ mi."

"Mo ní kẹ́ ẹ dákẹ́ níbẹ̀. A máa tún un ṣe lọ́la."

Alhaja ti ń wọ bàtà. "Tún kí ni ṣe? Sámí, mo ní ṣọ́ọ̀bù l'Akute, mi ò lè máa wá ṣọ́ ẹni tó ń tẹ ẹ̀bà. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe dúró nìyẹn. Nígbà tó jáde, àwọn télọ̀ ń kọ ọ́, àwọn ọmọléèwé ń kọ ọ́, gbogbo wọn sì máa ń fi ẹnu ta gìtá níbi àyè yẹn. Sámí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo èèyàn pé òun lòun ní kí n ta á síbẹ̀. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́, torí ó tọ̀nà nípa tíúnù yẹn, ó sì dùn mí láti gbà bẹ́ẹ̀.

Mo mú káàsẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Ifo. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ràbí ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dáfídì dé," ni Bàbá wí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ nǹkan kan." Mo gbé rédíò sún mọ́ etí rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa, mo sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Orin ń lọ. Mo rántí ọjọ́ ilé télọ̀ yẹn. A dé ibẹ̀. "Dáadáa ló ta gìtá, ẹ bá mi kí i." Bàbá di ojú rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé Sámí àti tíúnù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Gìtá ta á: dò-re, dò-re.

Bàbá gbé orí sókè. "Ta ló ń pe Dàda?"

Ràbí ní, "Gìtá ni, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ló ń ta á."

Ó wo rédíò náà, ó wò mí. Ó ní, "Tún un ṣe."

Mo yí i padà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dé inú iṣẹ́ yìí ni mo ti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ kó máa sọ ọ́ títí oòrùn á fi wọ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, Bàbá fi ọwọ́ lé orí rédíò náà bí ìgbà tó bá ń fọwọ́ lé orí ọmọ. Ó ní, "Orúkọ tí mo sọ ẹ́ ni gìtá yẹn ń pè. Orúkọ tí iṣẹ́ ẹ sọ ẹ́ làwọn tó kù ń kọ." Ó wojú mi, ó ní, "O ríṣẹ́."

Kò pè mí ní Dáfídì mọ́ títí tó fi lọ.

Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kọ̀ǹpútà dé, àwọn pírodúsà sì di ọmọdé tí mo lè bí lọ́mọ. Wọ́n níwà ju àwọn ti àtijọ́ lọ, wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀, wọn kì í ní kí n tún nǹkan ṣe rárá. "Daddy, ẹ ta ẹyọ kan péré, màá lúùpù ẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fi ẹyọ kan náà sí gbogbo orin látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọjọ́ tí mo lọ síbi iṣẹ́ kan ní Mowe, tí mo jókòó, tí mo ta á lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ náà ní "Ẹ ṣeun sà, ó ti tán," tí ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi ò sì tíì tutù, mo mọ̀ pé ó ti tó kí n lọ sinmi. Ẹ má wá iṣẹ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ ò le, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá èyí tí líle rẹ̀ máa fi nǹkan sí yín lọ́wọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo pe akunlé kan pé kó wá kọ orúkọ sára géètì mi. Ó kọ ILE DADA, lẹ́tà ńláńlá, ó dára. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó ní, "Bàbá, àmì wo ni kí n fi sí i lórí?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti Ifo wá á kà á ní dò-re. Ẹni tó bá mọ orin á gbé e lọ sókè. Èyí tí wọ́n bá fi pè mí lẹ́nu géètì, màá jáde.